Okùn Oníkókó tí A Fi ń Wọn Kànga Bàbá Rélùwéè

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, tí ọrùn mi ṣì ń ru garawa omi láìfi ọwọ́ dì í mú… Bísí, ṣé fóònù yẹn ti ń gbà á sílẹ̀? Ó ti ń gbà á? Ó dáa. Ẹ sún mọ́ mi, kí n má baà máa pariwo. Ohùn mi ò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Mo rí Kúnlé láàárọ̀ yìí, ó ń fọ eyín, omi ń lọ. Ó ń fọ eyín, omi ń lọ ṣòòròṣò. Mo ní, "Kúnlé, ti omi yẹn pa." Ó ní, "Màmá, bóhòòlù wa ni, kì í ṣe ti ìjọba." Bóhòòlù wa! Mo rẹ́rìn-ín. Inú sì bà mí jẹ́ díẹ̀. Torí mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, ní Ìsọlọ̀ níbí náà, lẹ́nu ọkùnrin kan, nígbà tí owó epo dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Mi ò sọ ọ́ fún bàbá yín rí, torí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà wà níbẹ̀.

Bàbá bàbá yín, Ràṣídì, òun ló mú mi wá láti Ìsẹ́yìn. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá kan ló gbà fún wa, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin, ọ̀ọ̀dẹ̀ gígùn láàárín. Kànga sì wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ gbọ́, kànga yẹn ló mú kí gbogbo èèyàn máa wá yàrá sílé wa! Ẹni tó bá ní kànga nígbà yẹn, ọba ni.

Onílé wa, ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Bàbá Rélùwéè. Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀? Ó ń fún ẹ́ńjìnnì lómi. Ẹ̀yin ò mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ń mumi? Ó ń mumi ju ẹṣin lọ! Bó bá dé Òṣòdì, yóò dúró, yóò máa mí, fùù, fùù… wọn á sì rọ omi sí i nínú. Bàbá ló ń wọn omi tó mu. Ìwọ̀n ti wọ ọkùnrin yẹn lẹ́jẹ̀. Ó máa ń sọ pé, "Ohun tí èèyàn ò bá wọ̀n, ọjọ́ tó bá tán ni yóò tó mọ̀ pé ó ti ń dínkù."

Ó wá ṣe nǹkan kan sí kànga rẹ̀. Ó ra okùn, ó so irin kékeré kan mọ́ ìdí okùn náà, ó wá ń ta kókó sí i. Ìgbọ̀nwọ́ kan, kókó kan. Ìgbọ̀nwọ́ kan, kókó kan. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi gúgà fa omi, wọ́n á sọ okùn yẹn sínú kànga títí irin yóò fi kan ìsàlẹ̀. Wọ́n á fà á jáde. Wọ́n á wá ka kókó tó tutù. Nígbà òjò, kókó mẹ́sàn-án. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kókó mẹ́fà. Bó bá di mẹ́rin, Bàbá á ní kí yàrá kọ̀ọ̀kan máa fa garawa mẹ́rin péré lójúmọ́. Ó ní, "Mítà kànga mi nìyí." Àwa náà bá a pè é bẹ́ẹ̀. "Kí ni mítà wí lónìí?" Bí a ṣe ń kíra wa láàárọ̀ nìyẹn, kí ẹnì kankan tó béèrè pé ṣé dáadáa la jí.

Ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́ nígbà yẹn. Ó wá gbé okùn náà lé mi lọ́wọ́. Èmi! Ìyàwó tí kò tíì pé ọdún kan nílé. Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ ni n ó fún, torí o kì í sọ̀rọ̀ jù. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ jù kì í purọ́." Inú mi dùn. Mo fi kọ́rùn. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ẹni tó dákẹ́ náà lè purọ́.

Owó wà nígbà yẹn o. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín jẹ, owó wà! Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lánàá, ó ti ra mọ́tò lónìí. Ilé ń hù bí olú. Ibi tí mo ti já ewé tí mo fi ṣe ọ̀lẹ̀ lóṣù yìí, tó bá fi máa di oṣù tó ń bọ̀, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù yí i ká. Ọkọ̀ ń já èèyàn sí Òṣòdì, ó ń já wọn sí Òṣòdì, pẹ̀lú ẹní àti àpótí wọn, láti Ọ̀yọ́, láti Ìwó, láti Ìkìrun. Yàrá wá di ohun tí èèyàn ń fi orúnkún bẹ̀bẹ̀ fún.

Omi ńkọ́? Owó dé, omi ò dé. Ẹ̀rọ ìjọba kan ló wà lórí títì, ó ń ṣe bó ṣe wù ú. Bó bá fẹ́ dà, yóò dà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí oòrùn bá ti yọ, ó ti dákẹ́. Garawa á tò lọ bẹẹrẹ. Ẹlòmíràn á fi òkúta sí àyè ara rẹ̀, á lọ kírun, á padà wá.

Ó wá ku obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá Àdùkẹ́. Opó ni, ọmọ Ìkìrun. Yàrá tó kẹ́yìn, tó sún mọ́ ilé ìdáná, ni tiẹ̀. Àdùkẹ́ ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà nílé, ó ń lọ síléèwé. Aṣọ ni Ìyá Àdùkẹ́ ń fọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú tó ń gbé lápá Apákun. Aṣọ funfun! Ha. Bí obìnrin yẹn bá fọ aṣọ funfun, kó fi búlúù díẹ̀ ṣan án, kó fi sítáàṣì gbé e nílẹ̀, kó lọ̀ ọ́… ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dùn ọ́.

Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo omi. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ìyá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pọnmi, Ìyá Àdùkẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Omi tó bá fi ṣan aṣọ kẹ́yìn, kò ní dà á nù. Òun ló máa fi rẹ aṣọ ìdọ̀tí mìíràn. Èyí tó bá kù, ó fi ń fọ ọ̀ọ̀dẹ̀. Èyí tó bá wá dúdú pátápátá, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń lọ. Ó ní, "Ìyàwó wa, omi kì í ṣe ẹrú ẹni, ṣùgbọ́n kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ, jẹ́ kó ti bá ọ ṣe iṣẹ́ mẹ́ta." Nígbà tí mo lóyún àkọ́kọ́, tí mò ń bì láàárọ̀, òun ló ń fún mi ní orógbó jẹ. Kò bí mi. Kò sì jẹ ọkọ mi ní gbèsè ìbátan kankan.

Lọ́dún yẹn náà ni ọkùnrin kan kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Agbaṣẹ́ṣe ni, kọ́ńgílá tí wọ́n ń pè. Ó ń bá ìjọba la títì. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, kò rí ẹnikẹ́ni fín, ó máa ń kí wa láti inú mọ́tò. Ó gbẹ́ kànga tirẹ̀, ó jìn ju tiwa lọ, ó ri rìngì sìmẹ́ǹtì sí i. Kò sí gúgà níbẹ̀. Pọ́ńpù oníná ló ń fa omi rẹ̀ lọ sínú táńkì lórí òkè. Ó gbin koríko síwájú ilé. Bí oòrùn bá ń pa ewéko gbogbo ládùúgbò, koríko tirẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀. Ẹnì kan á na rọ́bà sí i, omi á máa fọ́n, fẹ̀ẹ̀. Àwa á dúró lójú ọ̀nà, a ó máa wò ó. Ó dùn ún wò. Ṣé a ro nǹkan kan? A ò ro nǹkan kan.

Bí òjò ṣe dáwọ́ dúró lọ́dún yẹn, mo sọ okùn sínú kànga láàárọ̀ ọjọ́ kan, kókó márùn-ún ló tutù. Mo ní ó yá jù. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́rin. Bàbá ní ká máa fa garawa mẹ́rin. A ń fa mẹ́rin. Ó di mẹ́ta! Bàbá ò gbà mí gbọ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ka kókó náà, ó fi ọwọ́ pa á lára bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Ó ní, "Ẹnì kan ń fa omi yìí."

Ó pè wá jọ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ọkùnrin wà nílé. Ó jókòó sórí àga, okùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Mítà ò ní ọ̀tá. Mítà ò ní ọ̀rẹ́. Omi tó yẹ kó pọ̀ tó kókó mẹ́fà, mẹ́ta ni. Ta ló ń fa omi mi?"

Awakọ̀ kan tó ń gbé yàrá kejì wá gbẹ́nu sókè, ó ní, "Bàbá, ta ló ń fi omi jẹun nínú ilé yìí? Ẹni tó ń fọ aṣọ gbogbo Apákun, ṣé itọ́ ló fi ń fọ̀ ọ́ ni?"

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Àdùkẹ́.

Ó dìde. Ó so ìró rẹ̀ le. Ó ní, "Bàbá, garawa mẹ́rin tí ẹ ní ká máa fà, òun ni mò ń fà. Omi tí mo fi ń fọṣọ, ẹ̀rọ títì ni mo ti ń pọn ọ́n, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Ẹ lè béèrè."

Bàbá ní, "Ta ni kí n bi? Ta ló rí ọ níbẹ̀?"

Ẹ̀yin ọmọ mi… èmi rí i. Èmi! Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ sígbà yẹn. Mo yọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ ní Ọjọ́bọ̀, torí garawa mẹ́rin ò tó mi, oyún sì ń mú mi wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ìyá Àdùkẹ́ wà níwájú mi lórí ìlà. Garawa méjì rẹ̀ ti kún. Ó rí i pé mi ò lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó gbé omi tirẹ̀ sílẹ̀, ó padà wá gbé garawa mi rù mí. Ó ní, "Rọra o, ìyàwó wa, ẹni méjì ni ọ́."

Mo ti lanu báyìí. Ràṣídì fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ àga. Mo wò ó. Ó mi orí díẹ̀, báyìí. Mo mọ ohun tó ń sọ. Bí Bàbá bá bínú sí wa, níbo la ti máa rí yàrá, tòun toyún oṣù mẹ́fà? Bàbá ti kìlọ̀ pé ìyàwó tó mú okùn ò gbọdọ̀ máa wá omi kiri ìta, kí àwọn èèyàn má baà ní kànga òun ti gbẹ. Mo pa ẹnu dé. Mo wo ilẹ̀. Èèrà kan ń lọ lórí sìmẹ́ǹtì, mo ń wò ó.

Bàbá ní, "Ẹlẹ́rìí ò sí. Ìyá Àdùkẹ́, wá yàrá mìíràn."

Kò bẹ̀bẹ̀. Kò ṣépè. Ọjọ́ kẹta ló kó ẹrù rẹ̀. Ó fi ìgbálẹ̀ gbá yàrá náà, ó fi omi tó kù nínú ìkòkò rẹ̀ nù ún mọ́lẹ̀, ó sì kí gbogbo wa pé ó dìgbà. Ó kí èmi náà.

Ṣé ẹ rò pé omi wá pọ̀ sí i? Ó yẹ kó pọ̀ sí i, àbí? Ẹni tó ń jí i ti lọ. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo sọ okùn… kókó méjì. Ẹrẹ̀ ń bá gúgà jáde. Mo rí i pé Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́bàá kànga lọ́sàn-án, ó kàn ń wo inú rẹ̀.

Iléyá dé. Iléyá ọdún yẹn bọ́ sínú ọyẹ́, ètè gbogbo èèyàn ń ya. Gbogbo ilé lọ sílé, Ràṣídì náà lọ sí Ìsẹ́yìn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní ọ̀nà ò dára fún aboyún. Ó wá ku èmi àti Bàbá nìkan nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ. Ilé náà dákẹ́, tó jẹ́ pé mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi. Iná ìjọba sì ti lọ láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn, gbogbo àdúgbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, mo sọ okùn sínú kànga. Mo fà á jáde. Kókó márùn-ún! Mo tún un sọ. Márùn-ún. Mo ní, Ọlọ́run ṣeun, ó ti fún wa lọ́dún Iléyá. Mi ò fa ju garawa kan lọ. Bàbá lọ sí Yídì, ó padà dé, a jẹ ẹran díẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa.

Ọ̀sán pọ́n. Mo gbọ́ táwọn ọmọdé pariwo lójú ọ̀nà: "Iná ti dé! Iná ti dé!" Kò pẹ́, mo gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ògiri, gùrùrùrù. Pọ́ńpù kọ́ńgílá ni. Mo ti ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, àmọ́ láàárín ariwo ilé, ta ló máa fetí sí i? Ó ń kùn, ó ń kùn. Mo jókòó sẹ́bàá kànga, mò ń gé àlùbọ́sà. Ó kùn títí mo fi gé àlùbọ́sà tán, tí mo fi se ọbẹ̀ tán. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo kàn mú okùn, mo sọ ọ́ sínú kànga.

Kókó mẹ́ta.

Ẹ gbọ́, ẹnì kankan ò sí nílé! Kò sẹ́ni tó fa omi! Ọmọ sọ nínú mi. Mo ké, "Bàbá! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀!" Bàbá sáré jáde tòun ti agbádá ọdún lọ́rùn, ó rò pé mo ń rọbí ni. Mo fi okùn hàn án. Ó fọwọ́ ka kókó tó tutù. Ó ka èyí tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó ń gbọ́ ohùn yẹn lẹ́yìn ògiri. Ó rìn lọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Nígbà tó yíjú padà, ó ti darúgbó sí i. Ó ní, "Ìyàwó, obìnrin yẹn ò jí omi."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kò jí i." Mo ṣe tán láti sọ ìyókù. Mi ò sọ ọ́.

Ọjọ́ tí kọ́ńgílá ti ọdún dé, Bàbá gbé okùn kọ́ èjìká, ó ní kí n tẹ̀lé òun. Kọ́ńgílá pàdé wa lórí koríko rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó. Kí ni kí wọ́n gbé fún yín, mínírà?"

Bàbá ní, "Omi ni mo bá wá."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kọ́ńgílá fetí sílẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Kànga mi ni. Ilẹ̀ mi ni mo gbẹ́, owó mi ni mo fi gbẹ́ ẹ. Ṣé mo wá na rọ́bà sínú kànga yín ni?"

Bàbá ní, "Ẹ ò wá. Ṣùgbọ́n omi tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ṣé ó mọ ibi tí ògiri yín dé?"

Inú bí kọ́ńgílá díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Kànga gbogbo èèyàn ló ń gbẹ."

Bàbá ò bá a jiyàn. Ó kàn sọ okùn kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ń fi ìwọ̀n jẹun. Ẹ ò lè la títì láìwọn ilẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́. Mo ní ká wọ̀n ọ́n ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní ó dáa.

Ó pa pọ́ńpù rẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Bàbá sì gba gúgà lọ́wọ́ gbogbo ilé, kò sẹ́ni tó fa omi, à ń pọn tàwọn ará ìta. Lọ́jọ́ kejì, kọ́ńgílá fúnra rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ó ká sòkòtò sókè. Òun ló sọ okùn, òun ló fà á. Márùn-ún. Ó ní kí wọ́n tan pọ́ńpù. A jókòó. Gbogbo ilé ló jókòó yí kànga ká, bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Nígbà tó yá, ó tún sọ okùn, ó fà á. Mẹ́ta àbọ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Omi ń kán sórí bàtà rẹ̀, kò mọ̀. Ó ní, "A jẹ́ pé omi kan náà là ń mu."

Ọkùnrin gidi ni, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Ó fi koríko yẹn sílẹ̀, ó gbẹ, ó pọ́n. Ó ń fa omi lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, ó tó. Ó ní kí Bàbá bá òun ta kókó sí okùn tiẹ̀ náà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo máa wọn tiwa, ẹni tiwọn á wọn tiwọn, a ó wá jọ sọ iye tó jẹ́ lórí ògiri. Ìgbà mìíràn wà tó máa gbàgbé, tí mo máa gbọ́ gùrùrùrù ní ìrọ̀lẹ́. Bàbá á kan ògiri, kó, kó, kó. Wọ́n á pa á.

Ẹ̀yin ẹ wá wo òde òní. Wọ́n ń sọ ládùúgbò pé ìjọba fẹ́ máa fi mítà sídìí kànga àti bóhòòlù onílé. Mo rí bí bàbá yín ṣe fò dìde, tó ní, "Omi tí Ọlọ́run fún mi lábẹ́ ilẹ̀ mi!" Bó bá jẹ́ pé owó lásán ni wọ́n ń wá, mi ò sí lẹ́yìn wọn, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbowó tí ẹ̀rọ ò dà. Ṣùgbọ́n ká wọn nǹkan… wíwọ̀n ò burú. Ilé mélòó ló ní bóhòòlù lójú pópó yìí? Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbẹ́ ẹ jìn ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ta ló mọ iye tó kù nísàlẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń kan ògiri fún ẹnì kejì mọ́. Ògiri náà ti ga jù, wáyà sì wà lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ọjọ́ tí kọ́ńgílá wọn kànga yẹn, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti tú ká, Bàbá Rélùwéè jókòó sétí kànga, ó ń sunkún. Àgbàlagbà! Ó ní, "Mo lé ọmọ ọlọ́mọ jáde lórí ohun tí kò ṣe." Ó ní kí n bá òun wá a, kó padà wá, òun ò ní gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọdún á fi yí.

Wọ́n ní ó wà ní Àìlégùn, lọ́nà Èjìgbò. Mo rìn ín. Oyún ti wọ oṣù kẹjọ, eruku ọyẹ́ bò mí. Mò ń béèrè, "Ẹ jọ̀ọ́, alágbàfọ̀ kan, ọmọ Ìkìrun?" Mo bá a lẹ́yìnkùlé kan, lábẹ́ igi máńgòrò, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọṣẹ títí dé ìgúnpá. Ó rí mi. Kò dìde. Ó ní, "Ìyàwó wa, ìwọ rèé."

Mo kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀. Mo jíṣẹ́ Bàbá fún un tán pátá. Ti pọ́ńpù, ti okùn, ti owó ilé. Ó ń fọ aṣọ lọ. Mo wá ní, "Màmá, ó ku ọ̀kan. Lọ́jọ́ yẹn… mo rí yín nídìí ẹ̀rọ. Mi ò sọ."

Ó fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un títí kò fi kán mọ́. Ó ní, "Mo mọ̀ pé o rí mi. Ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi yìí ló gbé garawa rù ọ́? Mo dúró níwájú gbogbo wọn, mo ń retí rẹ. Mo ní, ọmọ yìí á sọ̀rọ̀. Ó máa tó sọ̀rọ̀." Ó mi orí. "Bàbá ò mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀, mo ti forí jì í. Ìwọ mọ̀."

Ẹkún ni mo sun. Ó jẹ́ kí n sun ún. Nígbà tó tó, ó nawọ́ fà mí dìde, ó fi mí jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó bu omi tútù láti inú ìkòkò fún mi. Ó ní, "Mu ún. Aboyún kì í rìn nínú oòrùn báyìí." Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ máa padà?" Ó ní, "Rárá, ọmọ mi. Mo ti rí ibi fi ẹ̀yìn tì. Kí Bàbá fi yàrá náà fún ẹni tó ń wá yàrá."

Mo padà délé. Mo sọ ìdáhùn rẹ̀ fún Bàbá, mo sì sọ ohun témi ṣe fún òun náà. Kò bú mi. Ó kàn gba okùn lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ń wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, tòun ti ojú tí kò ríran. Ìyà tó jẹ mí nìyẹn. Ó dùn mí ju pàṣán lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó dá a padà fún mi, ó ní, "Ìyàwó, nísinsìnyí o ti mọ ohun tí ò ń wọ̀n."

Nígbà tí mo bí bàbá yín, mo ránṣẹ́ ìkómọ sí Àìlégùn. Mò ń wo ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀. Kò wá. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, ọlọ́kadà… rárá, kò sí ọ̀kadà nígbà yẹn, oníkẹ̀kẹ́ kan ló gbé ẹrù kékeré kan wá, ó ní wọ́n ní kóun fún ìyàwó tó ń wọn kànga. Mo tú u. Ìlédìí ọmọ ni, méjìlá. Ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti fi búlúù ṣan wọ́n, ó ti lọ̀ wọ́n, ó ká wọn lé ara wọn. Wọ́n funfun! Ràṣídì ní kí n má lò wọ́n, kí n fi pa mọ́. Mo ní rárá. Wọ́n ò ṣe é fún ìpamọ́. Bàbá yín lo gbogbo rẹ̀, títí wọ́n fi gbó mọ́ ọn nídìí.

Mi ò rí Ìyá Àdùkẹ́ mọ́. Wọ́n ní ó padà sí Ìkìrun nígbà tí Àdùkẹ́ jáde ìwé. Ọdún mélòó ti kọjá… Bó bá jẹ́ òde òní, ẹ̀yin á ti wá a lórí fóònù, àbí? Tiwa, bí èèyàn bá ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ẹ bá rí òótọ́ tó dúró nìkan láàárín èrò, ẹ bá a dúró lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ní ẹ máa lọ bá a nílé tó bá yá. Mo rìn dé Àìlégùn, mo kúnlẹ̀, ó forí jì mí, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò padà sí yàrá yẹn mọ́, ẹlòmíràn ló gbà á.

Hmm. Ayé… Bísí, pa á. Ó tó.